Ẹni tó ń lọ ra mọ́tò ní Kútọnù, kó dúró gbọ́ tẹnu mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́ síta. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé ní Ìlerò láìpẹ́ yìí, abẹ́ igi tí àwọn àgbà máa ń jókòó sí lọ́sàn-án ni mo ti bá ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣàlàyé fún bàbá mẹ́ta bí wọn yóò ṣe ra bọ́ọ̀sì kan ní Kútọnù, ní iye tí kò ní í tó èyí tí wọ́n ń tà á n'Íbàdàn. Ó ní àwọn ọmọ kan wà tí wọn yóò gbé e gba inú igbó wá, pé ìwé ẹ̀ yóò pé pérépéré, ilé ni àwọn bàbá yóò jókòó sí tí ọkọ̀ yóò fi dé. Àwọn bàbá náà ń mi orí. Ọ̀kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ta kaṣú ni, owó náà kò sì tíì tutù lọ́wọ́ ẹ̀. Mo jókòó, mo gbọ́ ọ tán, mo wá bi ọmọ náà pé ta ni yóò san owó kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá yìí náà, ta ló ń san ìyẹn?"

Ìbéèrè tó fi dá mi lóhùn yẹn ni mo fẹ́ dáhùn lónìí, nítorí mo mọ ẹni tó ń san án. Mo wà lára wọn.

Lọ́dún 2018, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣòwò ẹlùbọ́ àti gààrí n'Ìlerò ra Toyota Sienna kan lọ́nà yìí. Ìyà ọkọ̀ ló lé e débẹ̀. Ẹni tó bá mọ àgbègbè wa mọ̀ pé ohun ọ̀gbìn kò wọ́n wa, ohun tí yóò gbé e jáde ló wọ́n wa. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, kaṣú, gbogbo ẹ̀ ló ń jáde láti Ìlerò, Òkèhò, Ìwéré-Ilé àti Ìgànná, ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ ló máa ń jẹ èrè ẹ̀. Ọjọ́ tí ọlọ́kọ̀ bá ní òun kò lọ, ẹrù á sùn sẹ́bàá ọ̀nà. Torí náà, nígbà tí ọmọ yìí wá bá mi, tó ní, "Bàbá, mo ti rí mọ́tò o," inú mi dùn. Iye tí wọ́n ń ta irú ẹ̀ n'Íbàdàn nígbà náà fi nǹkan bí 600,000 náírà ju iye tí éjẹ́ńtì ẹ̀ pè lọ. Owó àjọ tó kó kò tó, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yá a ní ìyókù, èmi àti bàbá ìyàwó ẹ̀ la sì fọwọ́ sí ìwé onígbọ̀wọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Òru ni ọkọ̀ náà wọ̀lú. Ó yẹ kí ìyẹn ti kọ́ mi lọ́gbọ́n, nítorí ohun tí èèyàn bá fi owó ẹ̀ rà, ọ̀sán gangan ló yẹ kó gbé e wọlé. Ṣùgbọ́n a fọ ọkọ̀ náà, a mu ọtí àti mínírà lé e lórí, wọ́n pa ewúrẹ́ kan, ẹnu ara mi ni mo sì fi gbàdúrà sí i. Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù méje, Ìlerò sí Òkèhò, Òkèhò sí Ìsẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò bi í ní ohun tó ju èyí tí wọ́n máa ń bi gbogbo ọlọ́kọ̀ lọ. Ọjọ́ tó kó ẹlùbọ́ lọ s'Íbàdàn ni wọ́n dá a dúró. Ó fi ìgboyà yọ ìwé jáde. Wọ́n wo ìwé, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ka nọ́ńbà sáásí. Ìwé náà ní wọ́n ti san owó ọkọ̀ ní èbúté Èkó. Nọ́ńbà tó wà lórí ìwé sì jẹ́ ti ọkọ̀ mìíràn pátápátá.

"Bàbá, wọ́n ti gba mọ́tò o." Ohun tó sọ fún mi lórí fóònù nìyẹn, ó sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, mò ń gbọ́ ariwo àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Éjẹ́ńtì tó gbowó lọ́wọ́ ẹ̀, fóònù tiẹ̀ kò lọ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ẹlùbọ́ inú ọkọ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ tiẹ̀ nìkan, ti obìnrin márùn-ún mìíràn wà níbẹ̀. Ọdún méjì ààbọ̀ la fi san gbèsè náà. Mo mọ iye tó kàn mí níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní í kọ ọ́ síhìn-ín, nítorí ìyá àwọn ọmọ mi máa ń ka ojú ìwé yìí.

Nígbà tí ojú wa wá wálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè kí n tó fọwọ́ síwèé. Kí ló dé tí mọ́tò fi máa ń pọ́ọ́kú ní Kútọnù ju Èkó lọ? Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ kì í ṣe mọ́tò. Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni tòkunbọ̀ tiwọn ti ń wá, níbẹ̀ náà ni tiwa ti ń wá. Òkun kan náà ló gbé méjèèjì.

Ìdáhùn ẹ̀ rèé. Ọ̀pọ̀ jù lọ mọ́tò tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté Kútọnù, wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjà tí ará Bẹ̀nẹ̀ fẹ́ lò. Ọjà tó ń kọjá lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n ń pè é, orílẹ̀-èdè mìíràn náà sì ni tiwa. Nítorí náà, owó ẹnubodè tó yẹ kí wọ́n gbà lódindi lórí ọkọ̀ tí wọn yóò lò nílé, wọn kì í gbà á lórí èyí. Wọ́n á fi sílẹ̀ fún ìjọba tí ọkọ̀ náà ń lọ bá. Iye tí wọ́n bá wá pè fún yín ní ọgbà tí wọ́n ti ń ta mọ́tò ní Kútọnù, iye ọkọ̀ tí kò tíì san gbèsè ọrùn ẹ̀ ni. Ẹni tó bá mú iye yẹn, tó fi wé iye tí wọ́n ń tà á n'Íbàdàn, ó dà bí ẹni tó fi iye ẹ̀gẹ́ inú oko wé iye gààrí inú ọjà, tó wá ń pariwo pé àwọn oní gààrí ń ja àwọn lólè. Ẹ̀gẹ́ ṣì ní iṣẹ́ lára: wọn ò tíì bó o, wọn ò tíì rìn ín, wọn ò tíì yan án.

Ohun kejì ni owó sẹ́fà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ná ọjà Ṣábẹ àti Párákù láti ìgbà èwe yín á rántí oṣù kìíní ọdún 1994, nígbà tí wọ́n gé iye sẹ́fà sí ìdajì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn tó lówó náírà lọ́wọ́ nígbà náà rí ayé jẹ lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n sẹ́fà kì í dá dúró. Owó Faransé ni wọ́n so ó mọ́ tẹ́lẹ̀, láti 1999 ló ti di ti Yúrò, Yúrò kan sì jẹ́ sẹ́fà 655.957, kì í lọ sókè, kì í wá sílẹ̀. Náírà tiwa ló ń rìn. Lọ́dún 2010, nǹkan bí 200 náírà ni wọ́n ń pààrọ̀ Yúrò kan. Lẹ́yìn tí ìjọba Ààrẹ Bọ́lá Tinubu tú okùn náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ó já lulẹ̀ débi pé lọ́dún 2024, Yúrò kan ti kọjá 1,500 náírà. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín. 1,000 náírà tó ń gba sẹ́fà tó lé ní 3,000 lọ́dún 2010, kò gba 450 mọ́ lọ́dún 2024. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé Kútọnù pọ́ọ́kú, ẹ bi í pé lọ́dún wo.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà tó ń ka èyí á máa sọ pé kí ló tilẹ̀ gbé wa dé ìdí tòkunbọ̀. Wọ́n jàre. Ní 1975 tí owó Udoji jáde, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ra ọkọ̀ tàbí alùpùpù tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì gùn rí. Ọdún yẹn náà ni iléeṣẹ́ Pijó bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní Kàdúná, tí Volkswagen náà bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, kò sì pẹ́ tí Leyland fi bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ n'Íbàdàn níbí, níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ akẹ́rù àti Land Rover. Àwa tá a wà lóko nígbà náà mọ ohun tí Land Rover lè ṣe lójú ọ̀nà ẹrẹ̀. Nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú láti 1986, ọkọ̀ tuntun kọjá agbára olùkọ́ àti àgbẹ̀, tòkunbọ̀ sì gba ojú pópó. Kì í ṣe pé a fẹ́ràn àlòkù. Ohun tọ́wọ́ tó la mú.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí òfin, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Tẹ́lẹ̀, èèyàn lè ra mọ́tò ní Kútọnù, kó gbé e gba ẹnubodè tí ìjọba fọwọ́ sí, kó san owó rẹ̀ níbẹ̀, kó gba ìwé, kó sì máa bọ̀ nílé pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn. Kò rọrùn, àmọ́ ọ̀nà wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ọdún 2016, kọ́sítọ́ọ̀mù kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti pa ọ̀nà yẹn dé. Láti ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2017, mọ́tò kankan, ì báà jẹ́ tuntun, ì báà jẹ́ tòkunbọ̀, kò gbọ́dọ̀ gba orí ilẹ̀ wọ Nàìjíríà mọ́. Èbúté ọkọ̀ ojú omi nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti gbogbo ẹnubodè pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn ní oṣù kejìlá ọdún 2020, wọn kò tìtorí ẹ̀ fagi lé òfin mọ́tò yìí.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún Sienna ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́dún 2018 tó rà á, ká tilẹ̀ ní ó ní owó kọ́sítọ́ọ̀mù lápò, kò sí ẹnubodè kan lórí ilẹ̀ tí yóò ti rí ẹni gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ìwé ọkọ̀ náà kò lè pé láéláé. Nítorí náà, ẹni tó bá wí fún yín lónìí pé òun gbé mọ́tò gba orí ilẹ̀ láti Kútọnù, pé ìwé ẹ̀ sì pé, ó ti purọ́ kó tó parí ọ̀rọ̀. Ìwé tó bá mú wá, ìwé ọkọ̀ ẹlòmíì ni, tàbí kó jẹ́ pé inú yàrá kan ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn gan-an ló sì burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gbèsè owó ẹnubodè ṣeé san. Ayédèrú ìwé kò ṣeé san, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀, ẹni tó bá mú un dání ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ dì mú.

Ẹlòmíì á ní, ṣebí bí ọkọ̀ bá ti wọ̀lú, tó ti gba nọ́ńbà, ó parí nìyẹn? Kò parí. Gbèsè náà kò sí lọ́rùn ẹni tó gbé e wọlé nìkan, ara irin mọ́tò náà ló wà. Bí ẹ bá rà á lọ́wọ́ ẹni kẹta tàbí ẹni kẹrin, ẹ rà á tòun ti gbèsè ẹ̀ ni. Ẹ ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2017. Kọ́sítọ́ọ̀mù lábẹ́ Kọ́nẹ́ẹ̀lì Hameed Ali tó ti fẹ̀yìn tì kéde pé gbogbo ẹni tí mọ́tò ẹ̀ kò bá ní ìwé owó ẹnubodè, kó wá san án láàárín oṣù kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò gbà á. Ariwo ta. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní kí wọ́n dá a dúró, ọ̀rọ̀ sì di ìjà lórí pé ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù kọ̀ láti wọ aṣọ iṣẹ́ wá síwájú wọn. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni gbogbo èèyàn ń sọ, wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ mọ́tò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mọ́tò kò gbàgbé wa. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, kọ́sítọ́ọ̀mù tún ṣí àyè sílẹ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje fún irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti wá san ohun tó yẹ, pẹ̀lú ìtanràn ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lórí ẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ọdún tó ti pẹ́ ti pa gbèsè náà rẹ́, kó wo ọdún méjì yẹn dáadáa. Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù tuntun tó rọ́pò ti 1958 náà ti wà láti ọdún 2023, kò dín agbára wọn kù.

Mo tún máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ pé ECOWAS ti sọ gbogbo wa di ọ̀kan, pé kí lẹnì kan ń dá wa dúró fún. Àdéhùn tí wọ́n ṣe lọ́dún 1979, èèyàn ló fún láǹfààní láti wọ ìlú ara wa láìgba físà, fún 90 ọjọ́. Ọkọ̀ náà láyè nínú ẹ̀: ọkọ̀ tara ẹni lè wọlé fún 90 ọjọ́, ọkọ̀ èrò tàbí ti òwò fún ọjọ́ 15, lẹ́yìn náà kó padà síbi tó ti wá. Àbẹ̀wò ni wọ́n ń sọ, wọn ò sọ pé kó wá gbélé. Àwọn kan mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ rìn fún ọdún mẹ́ta n'Ílẹ̀ Òkè-Ògùn, bíi àlejò tó ti bímọ méjì nílé onílé, tó ṣì ń sọ pé òun ń lọ lọ́la. Ní ti ọjà tí kì í san owó láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, ọjà tí wọ́n bá ṣe nínú àwọn orílẹ̀-èdè yìí fúnra wọn ni. Tòkunbọ̀ láti Bẹ́ljíọ̀m kò di ọmọ Bẹ̀nẹ̀ nítorí pé ó sùn ní Kútọnù fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀rọ̀ olè náà tún wà ńbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ pa nítorí ọ̀rọ̀ àwọn olè tó ń já mọ́tò gbà ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń wà á lọ sí òdìkejì. Hamani Tidjani lorúkọ ẹni tí Nàìjíríà fẹ̀sùn kàn pé òun ni olórí wọn. Wọ́n mú un ní Mali, wọ́n sì fà á lé Nàìjíríà lọ́wọ́. Ọbásanjọ́ àti Ààrẹ Kérékou pàdé ní Àgbádárìgì kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà padà. Nígbà náà, ọkọ̀ tiwa ló ń lọ sọ́hùn-ún. Láyé ìsinsìnyí, ti òkè òkun ló ń bọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, Interpol àti àwọn ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè méjìlá ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yẹ mọ́tò wò fún ọ̀sẹ̀ méjì, nǹkan bí 150 tí wọ́n jí ni wọ́n rí, Kánádà ni wọ́n ti jí èyí tó pọ̀ jù. Ẹ fojú inú wò ó: àgbẹ̀ kan ta kaṣú, ó ra mọ́tò tí ẹnì kan ń sunkún lé lórí ní Toronto.

Mo ti bá àwọn èèyàn wa wí tó. Ó yẹ kí n yíjú sí ìjọba pẹ̀lú, nítorí n kò lè pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní onífàyàwọ́ kí n sì dákẹ́ lórí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ẹnubodè yìí, àwa kọ́ la fà á. Lọ́dún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó, tí wọ́n la ilẹ̀ náà sí méjì, tí Ṣábẹ àti Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí àwa bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Títí dòní, àwọn ará wa wà lọ́hùn-ún tí a jọ ń ṣòkú, tí a jọ ń ṣègbéyàwó, èdè kan náà la sì ń sọ. Ará Ìwàjówà tàbí ti Ṣakí tó ń lọ sí Ṣábẹ, kò rò ó pé òkèèrè lòun ń lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo òfin tí wọ́n bá ṣe l'Ábújá nítorí ẹnubodè, ara wa ló ń kọ́kọ́ bà. Nígbà tí wọ́n ti ọ̀nà pa ní 2019, ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n tún sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ gbé epo bẹntiróòlù dé iléepo kankan tó bá wà ní kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Wọ́n ní nítorí àwọn tó ń kó epo sọdá ni. Ó dáa. Ọlọ́kadà tó fẹ́ gbé aláboyún lọ sílé ìwòsàn ńkọ́? Ẹlẹ́rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Wọn ò rí ìyẹn láti Àbújá.

Mo mọ ìdí tí ìjọba fi pa ọ̀nà mọ́tò dé. Wọ́n fẹ́ kí owó wọlé ní èbúté Èkó àti Port Harcourt, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn iléeṣẹ́ tó ń to mọ́tò nílé rọ́wọ́ mú. Ètò tí wọ́n gbé jáde fún ìyẹn lọ́dún 2013 gbé owó orí ọkọ̀ tuntun tó ń ti òkè òkun bọ̀ lọ sí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tò nílé, àgbẹ̀ Ìlerò kò lè rà á. Èyí tó ń wọlé láti èbúté, owó orí ẹ̀ ga. Èyí tó wà ní Kútọnù, wọ́n ní kó má wọlé rárá. Bẹ́ẹ̀ iṣu ń bàjẹ́ lóko. Bí ẹ bá dí ihò mẹ́ta tí èkúté ń gbà, tí ebi ṣì ń pa á, yóò gbẹ́ ìkẹrin. Ìkẹrin náà ni ọ̀nà igbó tí àwọn ọmọ wa ń gbà lóru, tí àwọn mìíràn sì ti kú sí.

Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin tó ń ṣojú Òkè-Ògùn l'Ábújá kò pọ̀. Kí wọ́n lọ sọ níbẹ̀ pé kí ìjọba ṣí ẹnubodè kan ṣoṣo ní apá ọ̀dọ̀ wa, Òkèrété ní Ṣakí ni mo rò pé ó yẹ, kí wọ́n gbé báńkì àti kọ̀ǹpútà síbẹ̀, kí ẹni tó bá ra mọ́tò lè san owó ẹ̀ ní gbangba, ní iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Láti 2022 ni kọ́sítọ́ọ̀mù ti ń fi nọ́ńbà sáásí wá iye tó yẹ kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan san lórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe l'Ápápá, kò sí ohun tó ní kò lè ṣe é l'Ókèrété. Ìjọba ń pàdánù gbogbo owó yẹn báyìí, àwọn tó ń gbà á sì wà lójú ọ̀nà, wọn kì í kọ rìsíìtì.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò nínú yín, kó rà á níbi tó bá ti lè padà lọ bá ẹni tó tà á fún un. Kí ẹ tó ka owó, ẹ gba nọ́ńbà sáásí, kì í ṣe lórí ìwé, lára mọ́tò ni kẹ́ ẹ ti kọ ọ́ fúnra yín, lábẹ́ gíláàsì iwájú àti lára irin ẹ̀. Kí ẹ wá mú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù tí wọ́n fi sọ pé wọ́n ti sanwó, kí ẹ fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà, lẹ́tà kan sí lẹ́tà kan. Kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù n'Íbàdàn kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí éjẹ́ńtì, ẹsẹ̀ yín ni kẹ́ ẹ fi rìn ín. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kò sáyè, pé ẹlòmíì ń bọ̀ wá rà á ní ìrọ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì náà rà á. Ẹ̀yin tí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ wá ṣe onígbọ̀wọ́, ẹ bèèrè ìwé mọ́tò náà kẹ́ ẹ tó bèèrè bíírò.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń ta ẹlùbọ́. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló fi ń kó o. Lọ́jọ́ tí mo bá àwọn bàbá yẹn lábẹ́ igi, ó wá kí mi nílé ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó, ó mu omi, ó wá sọ fún mi pé ẹnì kan ní Ṣakí ní Sienna kan tó fẹ́ tà, pé ó mọ́, pé iye ẹ̀ kò sì pọ̀. Mo ní kó lọ mú nọ́ńbà sáásí wá. Kò tíì mú un wá.